Òkè Tí Kò Sí Oko Lẹ́bàá Rẹ̀: Àwòrán Darandaran láti Òṣogbo dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Lára ògiri ìsọ̀ àwọn ayàwòrán tó wà káàkiri Òṣogbo, àwòrán kan wà tí èèyàn kò lè ṣàìrí. Òkè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, tí ọ̀kan ń yọjú lẹ́yìn èkejì: èyí tó jìnnà jù á jẹ́ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó súnmọ́ á dúdú díẹ̀. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín wọn kọjá. Màlúù ló kàn, funfun, pupa rúsúrúsú, dúdú alámì, gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń lọ sí ìhà òkè. Darandaran kan ń tẹ̀lé wọn. Ó dé àkẹtẹ̀, ó gbé ọ̀pá lé èjìká méjèèjì, ó sì so ọwọ́ méjèèjì kọ́ ọ̀pá náà. Àwọn lékèélékèé ń fò lókè orí wọn. Kò sí ilé, kò sí títì, kò sí ẹlòmíràn.

Ibi yòówù kí èèyàn yà sí, yóò bá a níbẹ̀, ńlá àti kékeré, lórí kánfáàsì, lórí bọ́ọ̀dù, lára aṣọ. Mo fẹ́ mọ ibi tí òkè yìí wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo tí mo sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ, tí mo ń wo àwòrán, tí mo sì ń wo òkè.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tí mo yà sí kò jìnnà sí Station Road. Yàrá kan ṣoṣo ni, iwájú rẹ̀ ṣí sí títì, òórùn ọ̀dà àti epo kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá tó ni ibẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó jókòó sórí àpótí, kánfáàsì tó ti nà mọ́ igi wà níwájú rẹ̀. Ó ti parí ojú ọ̀run kí n tó dé. Ó ní ojú ọ̀run ni òun máa ń kọ́kọ́ yà, torí pé òun ló jìnnà jù, ohun tó bá jìnnà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbẹ. Òkè ló kàn. Ó fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan bu ọ̀dà, ó fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, ibi tí ẹnu ọ̀bẹ fò tí kò kàn sì di pàlàpálá àpáta lójú ẹsẹ̀. Mo wò ó títí, n kò rí ibi tó ti ṣe àtúnṣe.

Màlúù ló yà mí lẹ́nu jù. Ó kán ọ̀dà funfun sílẹ̀ lára kánfáàsì, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí alákàrà ṣe ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo. Ó fi ìka fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn díẹ̀, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú sí ìsàlẹ̀ kó lè ní ikùn. Iké kò ju ìtẹ̀ kan lọ lórí èjìká. Ìwo ló gbẹ̀yìn. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù, ó di èémí mú, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún àti òsì, ohun tó jẹ́ àbàwọ́n ọ̀dà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn sì ti di ẹran tó ń rìn. Kò ya ẹsẹ̀ kankan. Koríko tó ga ló fi bo ẹsẹ̀ gbogbo wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Òkè wo nìyí?"

"Òkè ni."

"Ti ìlú wo, sà?"

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Inú orí mi ló ti wá, ọmọ mi. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, inú orí tiẹ̀ náà ni tirẹ̀ ti wá. Oníbàárà kì í béèrè ibi tí òkè wà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn fẹ́ èyí tó máa jẹ́ kí ọkàn àwọn balẹ̀ bí àwọn bá ti ibi iṣẹ́ dé."

Mo bi í bóyá ó ti dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí. Ó ní òun dé ibẹ̀ nígbà èwe òun, omi tó ń já bọ́ ni àwọn lọ wò, àwọn kò wo òkè. Mo tún bi í nípa àwọn tó ń rà á. Ó dárúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, àwọn onílé ìtura, àti àwọn tó ń lọ sókè òkun tí wọ́n fẹ́ mú ẹ̀bùn dání. Ó ní bí òun bá ya òrìṣà, ó lè wà lára ògiri fún ọdún kan. Bí òun bá ya màlúù, wọn kì í jẹ́ kó gbẹ tán.

Kì í ṣe irú àwòrán yìí ni ayé fi mọ Òṣogbo. Ní 1962 ni Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé, sílẹ̀ nílùú yìí. Ní 1964, Georgina Beier darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń ró títí di òní. Àwọn ọ̀dọ́ tó gba ibẹ̀ jáde, púpọ̀ nínú wọn ló ti wà lábẹ́ Dúró Ládipọ̀ nídìí eré orí ìtàgé: Twins Seven-Seven, Rùfọ́ọ̀sì Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì ọmọ Ìragbìjí, Adébísí Fábùnmi, àti Jímọ̀ Bùràímọ̀ tó jẹ́ pé iná orí ìtàgé ló ń mójú tó kó tó di ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ sọ di olókìkí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe máa ya òkè tó jìnnà. Ohun tó wà nínú wọn ni wọ́n yà: iwin, ẹbọra, ọdẹ, ọba, ẹranko olórí méjì. Nínú iṣẹ́ Twins Seven-Seven, ẹni tí UNESCO fi jẹ Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005, kò sí àlàfo tí ẹyẹ lè gbà kọjá. Gbogbo ojú pátákó ló kún fún ẹ̀dá, ẹ̀dá wà nínú ikùn ẹ̀dá.

Ọ̀nà mìíràn ni àwòrán òkè àti màlúù gbà wọlé. Àìná Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, lọ kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó ní ọgbọ́n tí a fi ń jẹ́ kí ohun tó jìnnà kéré lójú, kí ohun tó wà nítòsí tóbi, kí ọ̀nà méjì tó jọ ń lọ pàdé lọ́ọ̀ọ́kán. Láìsí ọgbọ́n yẹn, Bàbá tó wà nítòsí Station Road kò lè fi òkè mẹ́rin sẹ́yìn ara wọn.

Àwọn òyìnbó ti ń ya irú èyí tipẹ́. Claude Lorrain, ọmọ Faransé tó lo ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Róòmù tó sì kú síbẹ̀ ní 1682, máa ń fi igi dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó máa ń fi màlúù àti darandaran síwájú, òkè á sì máa rà lọ sínú ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn. Giovanni Segantini gun àwọn òkè Alps ní Switzerland lọ pẹ̀lú kánfáàsì rẹ̀ láti ya àwọn tó ń da màlúù àti àgùntàn níbẹ̀. Orí òkè náà ni ikú bá a ní 1899, ẹni ọdún 41, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún Segantini. Ó bá àwọn darandaran tó yà gbé orí òkè kan náà, òtútù tó mú wọn mú òun náà.

Kí a má sì rò pé ilẹ̀ òyìnbó nìkan ló ni í. Ní Birnin Kudu, Ìpínlẹ̀ Jigawa, àwòrán màlúù wà lára àpáta látayébáyé. Ní Tassili n'Ajjer, gúúsù Algeria, àwọn ará ìgbàanì ya agbo màlúù àti àwọn tó ń dà wọ́n sára òkúta láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Sàhárà ṣì ní koríko. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn lára àwọn àwòrán wọ̀nyẹn ni pé èèyàn pọ̀ nínú wọn. A rí obìnrin, a rí ọmọdé, a rí ibùdó. Darandaran ibẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan tó kọ ẹ̀yìn sí ayé.

Mo gba igbó Ọ̀ṣun kọjá kí n tó kúrò nílùú. Hẹ́kítà 75 ni igbó yìí, UNESCO sì fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Graz, ní Austria, ni wọ́n bí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí iṣẹ́ rẹ̀ kún inú igbó yìí, sí ní 1915, ìlú tí òkè Alps bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ti máa ń da màlúù gòkè lọ́dọọdún bí ìgbà ooru bá dé. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, ó di Àdùnní Olórìṣà, kò sì padà lọ gbé ibẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kìíní 2009. Nínú igbó náà, òun àti àwọn bíi Adébísí Àkànjí mọ odi tó ń wọ́ láàárín igi, wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà tó la ẹnu. Ohun gbogbo níbẹ̀ wà nítòsí ara. Èèyàn kò lè dúró lókèèrè wò ó, àfi kó wọnú rẹ̀.

Ní Old Ede Road, níbi tí Níkẹ Davies-Okundaye dá ibùdó iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ sí ní 1983, aṣọ bátíìkì ni mo lọ wò. Àwòrán darandaran wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é yàtọ̀ pátápátá sí ti ọlọ́dà. Lọ́dọ̀ Bàbá, lékèélékèé ló gbẹ̀yìn: ìkán funfun mẹ́ta, iṣẹ́ parí. Lára bátíìkì, lékèélékèé ló ṣáájú. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá máa funfun títí dé òpin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìda. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi ṣóńṣó fóòmù tí wọ́n so mọ́ igi bọ inú ìda gbígbóná, ó sì ya ìyẹ́ ẹyẹ, ó ya ara màlúù funfun, ó ya fìlà darandaran, nígbà tí òkè kò tíì sí, tí ilẹ̀ kò tíì sí. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n tún fi ìda bo ohun tó máa jẹ́ ìyeyè, wọ́n tún rẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ títí tó fi kan aró dúdú. Kí wọ́n tó rẹ ẹ́ kẹ́yìn, ó ká aṣọ náà sọ́wọ́, ó fún un, ìda tó ti gbẹ sì fọ́ wẹ́wẹ́. Aró gba inú ìfọ́ náà wọlé. Nígbà tí wọ́n fi omi gbígbóná yọ́ ìda kúrò tán, gbogbo ara òkè ti kún fún ìlà tín-ín-rín bí ti àpáta gidi. Mo bi í bóyá ó mọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan máa gbà. "Rárá o," ló sọ. "Aró ló mọ̀."

Àmọ́ iṣẹ́ tí mo gbé sọ́kàn kúrò l'Óṣogbo jẹ́ ti Àsírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bí ní 1918 tó sì kú ní 1993. Òun ló ń fi òòlù àti irin lu àwòrán sára kọ́pà àti alumíníọ́mù. Mo rí ọ̀kan nínú pálọ̀ ilé kan, eruku ti wọ inú ìlà rẹ̀. Igi ńlá kan wà láàárín, ẹyẹ kún orí ẹ̀ka, ẹranko kún ìdí, èèyàn wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ru ẹrù. Kò sí ohun tó jìnnà níbẹ̀. Ẹyẹ tóbi tó èèyàn, ẹranko tóbi tó igi kékeré. Gbogbo wọn pín ojú irin kan náà, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun kò rí ẹnì kejì. Mo fi ìka tọ́ ojú òòlù níbi ìwo ẹranko kan, ó tó ogún ìlù fún ìwo kan ṣoṣo.

Ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà kò gùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku pupa bo ewé kòkó lẹ́bàá ọ̀nà. N kò dúró pẹ́ ní Iléṣà, mo kàn gba iwájú ààfin Ọwá Obòkun kọjá, mo jẹun, mo sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Àkúrẹ́. Ìgbà tí a fi máa sún mọ́ Ẹ̀rìnmọ̀, ó ti hàn lápá iwájú: òkè gígùn kan tó na ara rẹ̀ kọjá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà títí dé Ẹfọ̀n-Aláayè. Òkúta funfun líle tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní quartzite ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ó le ju òkúta tó yí i ká lọ, ìdí nìyẹn tí òjò àti ọdún fi jẹ àwọn yòókù tán tí òun ṣì dúró. Ara rẹ̀ kan náà ni omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje, lápá kejì sì ni omi Àrìnta ti ń já bọ́ ní Ìpólé-Ìlórò, Èkìtì.

Mo dúró wo òkè yìí dáadáa, torí òun ni mo bá wá. Kì í ṣe búlúù. Àwọ̀ ewé tó ti gbó ni, ó dúdú níbi tí igbó ti ki, eérú hàn níbi tí òkúta ti yọ. Òkè inú àwòrán a máa pá lórí; igi ló bo ti Ìjẹ̀ṣà dé òkè téńté. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ṣófo rárá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, kòkó, obì, ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́, àgbàdo tí wọ́n ti kórè tó ku pòròpórò. Gbogbo ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ló ní olóko. Àwọn òkè wọ̀nyí ní ìtàn tiwọn pẹ̀lú. Lápá Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín òkè bí irú wọ̀nyí, ni àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì láti 1877, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886.

Màlúù náà dé. Etí títì, níbi tí wọ́n ti sun koríko tí èéhù tuntun sì ti ń yọ, mo bá bí ogójì wọn. Funfun ni púpọ̀ nínú wọn, ìwo gígùn, egungun ìhà hàn. Lékèélékèé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò fò. Ilẹ̀ ni wọ́n wà, wọ́n ń bá ẹsẹ̀ màlúù lọ, wọ́n ń ṣa kòkòrò tí pátákò bá lé jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dà wọ́n lè tó ẹni ogún ọdún. Kò dé àkẹtẹ̀. Fìlà olówùú ló dé, ó wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó ti ṣá, bàtà rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé gálọ́ọ̀nù omi kékeré kọ́ ẹ̀yìn, rédíò sì ń dún nínú àpò rẹ̀. Ọ̀pá nìkan ló bá ti inú àwòrán mu.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà," ló kí mi, Yorùbá rẹ̀ dán. Ó ní ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n bí òun sí, bàbá òun ti ń gbé ibẹ̀ kó tó fẹ́ ìyá òun.

Mo mú fóònù jáde, mo fi àwòrán Bàbá hàn án. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni tó ya èyí mọ ìwo," ló sọ. "Ṣùgbọ́n kò da màlúù rí. Ẹ wò ó, gbogbo wọn ń lọ tààrà. Màlúù kì í lọ tààrà. Èyí á yà síbí, ìyẹn á yà sọ́hùn-ún. Ẹ tún wo ọkùnrin náà. Kí ló ń ṣe lẹ́yìn?"

"Ibo ló yẹ kó wà?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Oko ẹ̀gẹ́ kan wà níbẹ̀, kò tó ìṣísẹ̀ ogún sí ibi tí a dúró sí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀, ibi tí oko náà wà ló fi ara rẹ̀ dí. "Ibí. Màlúù lápá kan, oko lápá kan, èmi láàárín. Bí mo bá lọ sẹ́yìn bíi tiẹ̀ yẹn, wọ́n á ti jẹ ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tán. Ìjà ló kàn."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá màmá tó ni oko kan ní ìhà yẹn. Mo kí i pé àroko bọ́dún dé, ó ní àṣẹ. Mo béèrè nípa màlúù. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó mú mi lọ sí ìparí oko. Ebè bí mẹ́wàá ni wọ́n ti tẹ̀ rẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ́, wọ́n ti fa àwọn kan tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ó sì mú ẹ̀gẹ́ kan nílẹ̀ fún mi: ojú eyín wà lára rẹ̀, fífẹ̀, eyín ìsàlẹ̀ nìkan, tó họ èèpo náà lọ. Ó ti gbẹ, ó ti di dúdú. "Àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn òkè yìí, a jọ ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wa," ló sọ. "Àwọn tó ń kọjá lóru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. N kò rí ojú wọn rí. Ta ni kí n lọ bá?"

Ó yẹ kí a rántí bí màlúù ṣe dé àárín igbó yìí. Nígbà kan, eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí màlúù oníké láti òkè Ọya pẹ́ láyé nínú igbó kìjikìji. Fún òwò ni wọ́n ń mú un wá, pípa ni wọ́n ń pa á. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì fi máa di 1912, ojú irin ti dé Kánò, màlúù sì ń wọkọ̀ bọ̀. Bí a ṣe ń gé igbó fún oko àti ilé, tí oògùn àìsàn ẹran sì ń pọ̀, ni màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í lè gbé ìsàlẹ̀. Lápá òkè, aṣálẹ̀ ń tì wọ́n. Lápá ìsàlẹ̀, oko kún ilẹ̀. Èkìtì ṣe òfin tó de dída ẹran kiri ní 2016. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 2021, àwọn gómìnà gúúsù pàdé ní Asaba, wọ́n sì fẹnu kò pé kí dída ẹran kiri ní gbangba dópin. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn, àti lẹ́yìn rẹ̀ náà.

Nínú gbogbo àwòrán darandaran tí mo rí l'Óṣogbo, n kò rí oko kan ṣoṣo, n kò sì rí ojú darandaran kan. Ohun méjèèjì yìí ni wọ́n yọ kí àlàáfíà tó lè wà níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán kọ́ ló jẹ̀bi. Ọkàn tó balẹ̀ ni àwa oníbàárà ń béèrè, wọ́n sì wá ọ̀nà tó yá jù láti fún wa: wọ́n yọ màmá yẹn kúrò pẹ̀lú ebè rẹ̀, wọ́n yí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sẹ́yìn kó má bàa jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù rẹwà. Ọwọ́ Bàbá yẹn dára, n kò rí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ya àpáta bíi tirẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lè ru ju ohun tí a ń fún un rù lọ.

Mo gbà pé Òṣogbo ti ní ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Bí Àsírù Ọlátúndé ṣe lè fi ẹyẹ, ẹranko, igi àti èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ sójú irin kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a lè fi màlúù, ebè, màmá olóko àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró láàárín sínú àwòrán kan. Kò pọn dandan kó jẹ́ àwòrán ìjà. Ìrọ̀lẹ́ yẹn tí mo dúró létí títì, ẹnikẹ́ni kò jà. Màlúù ń jẹ koríko, ẹ̀gẹ́ dúró nínú ebè rẹ̀, ẹnì kan ló sì ń ṣe iṣẹ́ tó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni n kò tíì rí lára ògiri ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Iléṣà àti Òṣogbo, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Ẹ̀rìn pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ojú òkè bá hàn. Kí wọ́n ya òkúta tó wà níbẹ̀, kí wọ́n ya kòkó, kí wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ya kí wọ́n tó yà á. Ẹ̀yin onílé ìtura àti ẹ̀yin tó ń ṣílé, bí ẹ bá tún fẹ́ ra àwòrán darandaran, ẹ béèrè orúkọ òkè náà. Ẹ sọ fún ayàwòrán pé ẹ fẹ́ kí oko wà níbẹ̀, pé ẹ fẹ́ rí ojú ọkùnrin náà, pé ẹ máa san owó iṣẹ́ tó lé lórí rẹ̀. Mo bi Bàbá bóyá ẹnì kan ti bẹ̀ ẹ́ ní irú rẹ̀ rí. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, òun á yà á.